Ẹni Tó Kọ́ Kíréènì Níṣẹ́

Láràárọ̀, kí kíréènì tí kò ní awakọ̀ tó gbé kọ̀ntéńà kankan ní èbúté Ìlàjẹ, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ irin rẹ̀ kàn án kọ́, kọ́, kọ́, á sì dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí. Lónìí, Ọmọ́níyì tó ń ṣọ́ ọ kò lè gbójú sókè, nítorí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ dúró tì í.

Bàbá Akíngbadé, ọ̀gá náà, wá kó bàtà àti ìkòkò oúnjẹ rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ ti ní kó máa lọ sílé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wa kíréènì.

"Níyì, bí mo ṣe máa ń kàn án nìyẹn, kí n lè mọ̀ bóyá ẹrù inú rẹ̀ ti yẹ̀. Ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo fi hàn. Ta ló wá fi han irin?"

Ọmọ́níyì rántí ìbọ̀wọ́ tí ilé-iṣẹ́ fún un wọ̀ fún oṣù mẹ́ta, èyí tó ń ka gbogbo ìṣesí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́ kò ní pàdánù iṣẹ́ tirẹ̀.

"N ò mọ̀ o, bàbá."

Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ rere kì í sẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Kíréènì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn láti òkè:

"Ọ̀gá mi Ọmọ́níyì ni, sà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó wu Ọmọ́níyì kí ilẹ̀ lanu. Bàbá kò bú u. Ó na ìka, ó kàn án láyà kọ́, kọ́, kọ́, ó tẹ́tí díẹ̀, ó mi orí, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ lọ.