Aago Ò Tíì Bẹ̀rẹ̀

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣílẹ̀kùn! Bàbá inú ọkọ̀ yẹn ò lè mí dáadáa mọ́."

Nọ́ọ̀sì ti di ilẹ̀kùn gíláàsì ilé ìwòsàn mú, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Dókítà méjèèjì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ," lọ̀gá wí. "Lófin ibí, gbàrà tí aláìsàn bá wọlé laago bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí dókítà ò bá rí i láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa nìyẹn."

"Níta ńkọ́?"

"Níta, kò sí aago."

Inú bí nọ́ọ̀sì. "Ṣé ẹni tó bá kú síta ò kàn wá ni? Ká ní bàbá tiyín ni ńkọ́, mà?"

 Ọ̀gá kàn tẹjú mọ́ ọkọ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Nínú ọkọ̀, bàbá arúgbó tó ń mí hẹlẹhẹlẹ gbórí sókè. Ó wo àwọn méjèèjì lẹ́yìn gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì juwọ́.

"Dẹ́rẹ́bà, fọkàn balẹ̀," ó wí. "Ọmọ mi lọ̀gá ibí. Ó ti rí wa."