Nígbà tí Ẹ̀rọ La Ẹnu
Àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ ń ki wáyà bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tó kọ̀ tí kò jí. Ó tàn án. Síkírínì ṣú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀: ẹ̀rọ tí kò sọ̀rọ̀ kò lè jẹ́rìí.

“Ta ló tún un ṣe kẹ́yìn tó fi bàjẹ́ báyìí?” olùdarí ilé iṣẹ́ wọn bi í.

Kò wojú obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe nawọ́ sí i. “Òun ni, sà.”

“Kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́.”

“Ẹ ní sùúrù, sà,” obìnrin náà ní. “Ẹnu ẹ̀rọ náà ò tíì là ni. Tó bá là, á ka gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ látìbẹ̀rẹ̀.”

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà jí, ọ̀rọ̀ ya bo síkírínì. Ìlà àkọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn: àgbà náà ni.

“O ti mọ̀?” àgbà náà bi obìnrin náà.

“Látàná, ọ̀gá. Mo rò pé ẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́ ni.”

Olùdarí jáde. Orúkọ àgbà náà ṣì wà lójú síkírínì.