Ilẹ̀kùn Tó Ń Bèèrè Àrà Tuntun

"Mo ti rí i rí," ni ilẹ̀kùn wí.

Ilẹ̀kùn ayé ìgbà náà kì í ṣí fún onílé tí kò bá fọwọ́ ya orúkọ rẹ̀ sí i lára ní àrà tuntun. Ọ̀nà kan ò wọjà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà Àjàdí ti tán: ó ya lẹ́tà bí ìwo àgbò, ó yà á bí ipa ìgbín.

Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí òun náà wà níta, ń yọjú wo inú ilé láàárín irin fèrèsé. "Bàbá Délé, ọmọ Délé ti jí o! Ó ń rá lọ sídìí iná!"

Àjàdí sáré lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó sáré padà sídìí ilẹ̀kùn, ó ya orúkọ rẹ̀: gbogbo lẹ́tà kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ tilẹ̀, wọ́n ń rá lọ.

"N ò rí èyí rí." Ilẹ̀kùn ṣí. Àjàdí sáré wọlé, ó gbá ọmọ mú.

Àṣàkẹ́ gbé àáké. "O káre, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí ò ní rí tọ̀la."