Búrẹ́dì Tó Bọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Arseniy Platonovich, onímọ̀ ìtàn, ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn èkejì, Uzbekistan ni wọ́n ní kó máa gbé, láàárín àwọn Tatar tí ìjọba kó kúrò ní Crimea nígbà ogun. Ara rẹ̀ ò lè gba ẹ̀kẹta mọ́. Ó mọ èyí dáadáa bó ṣe jókòó síwájú Gromov, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ránṣẹ́ pè é ní Leningrad. Klavdia akọ̀wé wà ní kọ̀rọ̀, ó ń fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé ìwé ìdánimọ̀ kọ́ ló ń sọ ẹ̀yà èèyàn," ni Gromov wí. "Ẹ ní ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa ṣe bíi tàwọn èèyàn rẹ̀."

"Mo sọ ọ́."

"Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ràn, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i pé irọ́ ni, kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè yín."

"Iṣẹ́ ayé mi ni. Mi ò lè fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi."

Gromov na ọwọ́ sí fáìlì. Ìgúnpá rẹ̀ gbá àwo tíì, ègé búrẹ́dì dúdú kan sì bọ́ sílẹ̀. Kò dánu dúró. Ó ń bá ìhàlẹ̀ rẹ̀ lọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mú un, ó fi kan ètè, ó fi kan iwájú orí, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lè dé.

Klavdia rẹ́rìn-ín. "Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé ọmọ aláìníyàá lọ̀gá wa ti dàgbà. Ta ni ebi ogun pa tí á máa fi búrẹ́dì ṣeré?" Ó fi ìka kó ẹ̀rúnrún orí tábìlì tirẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́nu.

Arseniy Platonovich wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo Klavdia.

"Ẹ fún mi ní bírò," ló wí.

Ó fọwọ́ sí i pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ òun, pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀yà kankan ju èyí tó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ. Ó dùn ún wọra.

Gromov ní kí Klavdia gbé ìwé náà lọ fáwọn ọ̀gá lókè. Nígbà tí ìró bàtà obìnrin náà dákẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ló yí yín lọ́kàn padà?"

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọmọ wo?"

Bàbá náà dé fìlà rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sì rọra sọ ohun tó máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà Tatar ní Uzbekistan, nígbà tí wọ́n bá fi búrẹ́dì tó bọ́ sílẹ̀ kan iwájú orí, ní èdè tiwọn gan-an: "Kí búrẹ́dì má wọ́n nílé rẹ, ọmọ mi."

"Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin náà, bàbá," ni Gromov dáhùn ní èdè àwọn Tatar, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.