Nọ́ńbà Tó Ga Jù Lọ

Fóònù Ọ̀gá Fídíò tún dún. Ìyá rẹ̀ ni. Láti àárọ̀ ni màmá ti ń pè é, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá ní òun máa pè é padà, oníbàárà wà níwájú òun.

Oníbàárà náà wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. Ó ní wọ́n pa àbúrò òun lánàá níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò náà. Kámẹ́rà òdìkejì títì ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ náà ti fọ́, fáìlì inú fíláàṣì yìí nìkan ló ṣẹ́ kù, kò sì ṣí níbì kankan. Kí ọ̀gá bá òun yí i padà sí irú fídíò tó ń ṣí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀gá dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ètò tó ń ṣí gbogbo irú fídíò ṣí i. Ìkà mà ń bẹ láyé o. Ọkùnrin onífìlà kan gbé irin dé, ó fọ́ orúnkún ọmọ ọlọ́mọ, ó tún fọ́ èjìká rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lù náà deyín mọ́ ọn lọ́wọ́, kò tú u sílẹ̀ títí irin fi dé orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ó kí oníbàárà kú ara fẹ́ra kù. Ìyẹn ò tilẹ̀ wo òkú. Ó yọ ọwọ́ lápò, ó tọ́ka sí fèrèsé àtẹ̀gùn lókè ṣọ́ọ̀bù, ó sì tètè ki ọwọ́ padà. Ẹnì kan tó wé ìborí dúró níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà kékeré yìí, ojú rẹ̀ ò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Ó ní ẹlẹ́rìí nìyẹn, àmọ́ ayálégbé ibẹ̀ pọ̀, òun ò mọ èwo ni. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà nílé òun, kí àwòrán náà ṣáà mọ́.

Ọ̀gá wo fèrèsé náà títí. Ó wá ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan bí àwòrán ṣe máa rí: òdo lápá kan, mọ́kànléláàádọ́ta lápá kejì.

"Gbé e dé òpin," ni oníbàárà wí. "Má ṣahun."

"Ṣé nọ́ńbà tó ga jù lọ lẹ fẹ́?"

"Àbí o dití ni?"

Ọ̀gá gbé e dé òpin. Bí ìṣe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó nu fáìlì àtijọ́ kúrò lórí fíláàṣì kí tuntun lè ráyè. Oníbàárà gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá dúró títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà, ó ti ilẹ̀kùn. Lórí ẹ̀rọ yìí, òdo ló ń mọ́ jù, mọ́kànléláàádọ́ta ló ń sọ ojú èèyàn di ẹrẹ̀. Èyí tó mọ́ kedere ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Ó pe ìyá rẹ̀ padà.

"Màámi, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé jáde báyìí," ló sọ. "Mo ti rí yín lójú fèrèsé, mo sì ti rí ojú eyín lára àtàǹpàkò ẹni tó ń wá yín."