Igi Ẹ̀yìn Táyà

Kò dá Oyèníran lójú pé iṣẹ́ awakọ̀ tírélà ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún. Ohun tí ó ń sọ fún àwọn ènìyàn yàtọ̀ sí èyí. Ní Ṣakí, níbi tí ó ń gbé, bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, a dáhùn pé ọkàn òun kò sí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, pé ojú ọ̀nà ló ń pe òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku òun nìkan, iyèméjì a tún bò ó. Ó fẹ́ràn ìró ẹ́ńjìnnì lóòótọ́. Ó tún fẹ́ràn kí ó jókòó sókè, kí àwọn ènìyàn máa gbójú sókè kí i, kò sì mọ èwo nínú méjèèjì ló fà á wá sídìí iṣẹ́ náà. Àléébù tirẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ohun tí ayé yóò wí jẹ ẹ́ lógún ju ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ràímì ni ó ti ń kọ́ṣẹ́. Àgbà awakọ̀ ni Bàbá Ràímì. Alhaja Sìnótù ló ni tírélà tí bàbá náà ń wà, iṣu ni wọ́n sì fi ń kó lọ sí Ìbàdàn. Oyèníran ti mọ ọkọ̀ náà wà dáadáa, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti dé ìdí òkè, Bàbá Ràímì a gba sítíà lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó gbé ìtì igi tí wọ́n fi ń há táyà, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ, tí ọkọ̀ sì fẹ́ yí padà sẹ́yìn, ẹni tí ó gbé igi ni yóò sáré fi há ẹ̀yìn táyà kí ó tó di ewu.

"Bàbá, ṣé èmi náà ni mo ṣì ń gbé igi?" Oyèníran bi í lọ́jọ́ kan.

"Tíṣà, tírélà tó bá ń yí bọ̀ lẹ́yìn kò mọ ẹni tó kàwé o. Gbé igi, jàre."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dé òkè ńlá kan lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Tírélà ń fà díẹ̀díẹ̀, Oyèníran ń tẹ̀ lé e, igi wà léjìká rẹ̀. Bó ti bojú wẹ̀yìn, ó rí bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ rí, tí ó ń kó àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje eré ìdárayá. Òógùn ti bo ojú rẹ̀, ọ̀rá dúdú ara igi ti ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju igi náà sínú koríko, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tí ó ń gba atẹ́gùn.

Bọ́ọ̀sì náà ń rọra bọ̀, nítorí kò sí àyè láti ya tírélà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yọrí lójú fèrèsé.

"Ṣé Oyè wa nìyí? Ẹni tó kọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀! Wọ́n ní o ti ń wa tírélà."

"Èmi ni mò ń wa èyí tó wà níwájú yín yẹn."

"Háà! Ta ló wá ń wà á lọ báyìí, iwin?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Tírélà dúró díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn.

"Igi! Oyè, igi dà?" Bàbá Ràímì ń pariwo.

Oyèníran bẹ́ sínú koríko. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá igi, kò rí i. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ti tò sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì kò rí ibi sá sí, àwọn ọmọ sì ti ń ké. Nígbà tí Bàbá Ràímì rí i pé igi kò dé, ó yí sítíà pátápátá, ó sì darí ọkọ̀ náà lu àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Iṣu fọ́n ká ojú títì. Bọ́ọ̀sì yè, ṣùgbọ́n apá Bàbá Ràímì ṣẹ́.

Nígbà tí Bàbá Ràímì ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn eegun dé, Alhaja wá kí i nílé, níbi tí Oyèníran jókòó tì í, ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

"Igi ló yọ̀," Bàbá Ràímì dáhùn. Kò wo ojú Oyèníran. "Ọmọ yìí gbìyànjú."

"A dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyè, apá bàbá rẹ kò ní tètè jinná. Bí wọ́n bá ti tún tírélà ṣe tán, ìwọ ni kí o gbà á. Àbí kí lo wí?"

Oyèníran wo apá tí wọ́n fi ọparun lílà dì. Òun àti Bàbá Ràímì nìkan ló mọ òtítọ́. Ohun tí ó ti ń wá ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ yìí, kò ju kí ó dúpẹ́ lọ. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ojú kò tún ní tì í lọ́jọ́ mìíràn, lórí òkè mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọmọ, ni pé kí ẹ má ṣe torí ibi tó ń dán lára iṣẹ́ kan yan iṣẹ́ náà. Gbogbo iṣẹ́ ló ní apá kan tí ẹnikẹ́ni kì í yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀mí ẹlòmíràn lè wà. Bí ẹ kò bá lè ṣe apá yẹn lójú gbogbo ayé, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó lè ṣe é. Kò sí ẹ̀gàn nínú ìyẹn.

"Igi kò yọ̀, Alhaja," ni Oyèníran wí.

"Oyè, panu mọ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mo jù ú nù ni, nítorí ojú tì mí. Alhaja, ẹ wá awakọ̀ mìíràn. Èmi kò ní wa tírélà mọ́."