Omi Tí Mi Ò Mu

Ìyá Stamatía, tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ òfuurufú, ń bínú sí mi.

Èmi náà ń bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí i.

Láti Áténì sí Niu Yọ́ọ̀kì, a sanwó lé e kí àyè ẹsẹ̀ wa lè ju ti mẹ̀kúnnù lọ.

Ó fi ọ̀pọ̀tọ́ lọ̀ mí, mo kọ̀. Ó fi omi lọ̀ mí, mo kọ̀.

"Omi lásán! Ṣé mo bu májèlé sí i ni? Ní Kalamáta ìlú mi, ọ̀tá ẹni ló ń kọ omi ẹni."

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Mo payín keke.

A balẹ̀. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ bí ìṣe wa, wọ́n sì dìde.

"Dìde, agbéraga! A ti dé."

Mi ò dìde.

Òṣìṣẹ́ náà sáré dé. "Ẹ ní sùúrù, ìyá. Wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ bọ̀."

Ìyá Stamatía yanu.

"Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gbé mi dé ilé ìtọ̀ ọkọ̀ wọn," mo sọ fún un. "Láti àná ni mi ò ti fi omi kan ẹnu."

Ìyá ṣí ìgò omi rẹ̀, ó dà á sí iwájú ṣòkòtò òṣìṣẹ́ náà.

"Ìwọ náà, dúró bẹ́ẹ̀ lójú èrò, kó o mọ bó ṣe ń rí!"